Kílò Márùn-ún Tó Wọ̀ Wá Lára: Ṣé Ká Lé e Jáde Ni?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní ìlú Ara, lẹ́bàá Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

 

N kò wá sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ara rẹ̀ ti wúwo débi pé kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ ti kọjá ti àpéjọ, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tí mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbí, ó sì pọ̀ níbí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìyá Rìsí. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 160. Kílò 62 ni ó wọ̀n lọ́dún tó já àbíkẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọmú. Kílò 67 ni báyìí. Ara rẹ̀ le. Ó ń lọ oko, ó ń ná ọjà Ẹdẹ, ìró rẹ̀ ṣì ń yí i ká. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù rí i lórí fóònù, ó ní, "Màámi, ẹ ti sanra jù, ẹ dín oúnjẹ kù." Obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kọjú síra ní, "Ìyá Rìsí, ara yín mà ń dán o! A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Kílò márùn-ún kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Ta ni kó gbọ́ tirẹ̀?

Nílẹ̀ wa, a kì í bẹ̀rù ẹni tó sanra. Ẹni tó lọ sí ìdálẹ̀ tó padà dé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún, a ó ní ibi tó lọ gbà á. Ẹni tó bá rù ni a ó máa bi ara wa léèrè nípa rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ pé, kí ló ń ṣe é? Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí. Ikọ́ ife máa ń mú ènìyàn rù. Nígbà tí kòkòrò HIV dé, tí oògùn rẹ̀ kò tíì kárí, a fi ojú wa rí ohun tó fi ara àwọn ènìyàn wa ṣe. Ẹ tún gbọ́ orúkọ tí àwọn àgbà fún àìsàn ṣúgà: àtọ̀gbẹ, àìsàn tí ènìyàn ń tọ̀ títí ara rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà tí ara bá ń gbẹ ni wọ́n tó dá a mọ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi gbígbẹ sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n lóde òní, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ikùn ti kọ́kọ́ yọ. Ibi tí ojú wa ti ń tàn wá jẹ nìyẹn: a ń ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé, olè ti gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, a sì tún ń kí i káàbọ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Ìbàdàn àti láti Yunifásítì Loyola ní Chicago, níbi tí Richard Cooper wà, wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbàlagbà ní Igbó-Ọrà àti ní Ìbàdàn. Wọ́n wọn ti àwọn ará Kamẹrúùnù. Wọ́n sọdá òkun, wọ́n wọn ti Jàmáíkà, Barbados àti St. Lucia, wọ́n sì parí rẹ̀ sí Maywood, ìlú kékeré kan tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí lẹ́bàá Chicago. Ọmọ ìyá ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí, òwò ẹrú ló tú wọn ká. Èsì jáde ní 1997. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù Karíbíà, 33 ní Amẹ́ríkà. Ti àtọ̀gbẹ tún jìnnà síra ju bẹ́ẹ̀ lọ: méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà ìgbà náà, 11 ní Amẹ́ríkà. Iyọ̀ inú oúnjẹ ní ọwọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara ló hàn jù: bí ara ṣe ń wúwo sí i láti etíkun kan dé èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ru sí i. Ẹ fiyè sí bí ó ṣe gun òkè. Díẹ̀díẹ̀ ni. Kò sí odò kan tí wọ́n dá kọjá tí àrùn fi bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì.

Wọ́n tún padà sí Igbó-Ọrà. Gbogbo wa la máa ń sọ pé àwọn ará oko kì í sanra nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Onímọ̀ kan nínú wọn, Amy Luke, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Wọ́n fún àwọn obìnrin ìgbèríko wa àti àwọn obìnrin Maywood ní omi kan tí a ti fi àmì sí mu, èyí tí a lè fi mọ iye agbára tí ara ń ná lóòjọ́. Àwọn tiwa wọn kílò 57 ní ìpíndọ́gba, àwọn tọ̀hún wọn kílò 83. Nígbà tí wọ́n ṣírò ìtóbi ara mọ́ ọn, agbára tí àwọn méjèèjì ń ná sórí iṣẹ́ àti ìrìn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo tún un kà. Ìrìn dára fún ọkàn, ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ẹ má sì ṣe fi ọ̀kadà pa á rẹ́ nínú ayé yín. Ṣùgbọ́n ẹnu ni kílò ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni a sì ti ń ṣọ́ ọ. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lè gbé ṣúgà tó ṣíbí kékeré mẹ́jọ. A ó fi tì búrẹ́dì, a ó ní a kò tíì jẹun. Ìjọba àpapọ̀ fi owó orí náírà 10 lé lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìnáwó ọdún 2021. Náírà 10 kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ìyá Rìsí. Bó bá dé ilé ìwòsàn, wọn yóò ṣírò ohun tí wọ́n ń pè ní BMI fún un: wọn yóò sọ gíga rẹ̀ ní mítà di ìlọ́po ara rẹ̀, wọn yóò fi pín kílò rẹ̀. Nígbà tó wọn kílò 62, ó jẹ́ 24.2. Báyìí, ó jẹ́ 26.2. Ẹni tó bá wọ 25, wọ́n ti kọ ọ́ mọ́ àwọn tó tóbi jù. Kílò márùn-ún yẹn ló gbé e kọjá ààlà.

Ta ló fa ààlà náà? Ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Adolphe Quetelet, ló ronú kan ìṣirò náà ní àwọn ọdún 1830. Onímọ̀ ìṣirò ni, kì í ṣe dókítà. Ó fẹ́ mọ bí ara ènìyàn ṣe rí ní ìpíndọ́gba. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Ancel Keys, ló sọ ọ́ ní BMI ní 1972. Ní Amẹ́ríkà, títí di 1998, obìnrin ní láti kọjá 27.3 kí wọ́n tó ní ó tóbi jù. Lọ́dún náà, wọ́n sọ ààlà di 25 fún tọkùnrin tobìnrin, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ti di ẹni tó tóbi jù láìjẹ ohunkóhun lóru. Ká ní ibẹ̀ ni Ìyá Rìsí ń gbé ní 1997, wọn ì bá ní kó máa lọ sílé, kò sóhun tó ṣe é.

Ìjà àwọn ọ̀mọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí kò sì tíì tán. Ní 2013, onímọ̀ kan, Katherine Flegal, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 97 pọ̀, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 2.88. Wọ́n rí i pé ikú láàárín àwọn tó wà ní 25 sí 30 kéré sí ti àwọn tó wà láàárín 18.5 sí 25, ní ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ariwo ta. Ní 2016, ẹgbẹ́ ńlá mìíràn yọ àwọn tó ti mu sìgá rí àti àwọn tó ti ń ṣàìsàn kúrò nínú ìṣirò tiwọn, nítorí pé sìgá àti àìsàn máa ń mú ènìyàn rù kó tó pa á. Èsì yí padà: ikú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i láti 25 lọ sókè. Mo ka méjèèjì. Ohun tí mo rí ni pé lẹ́bàá ààlà yẹn, ìyàtọ̀ kéré débi pé ọ̀nà tí a gbà ka àwọn ènìyàn lè yí i padà. Ẹni tó bá fi 26.2 nìkan dẹ́rù ba Ìyá Rìsí kò ṣe é dáadáa.

Síbẹ̀, n kò ní sọ fún un pé kílò márùn-ún kì í ṣe nǹkan. Ìwádìí lórí àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà tó jáde ní 1995 fi hàn pé obìnrin tó fi kílò 5 sí 7.9 kún ara láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún 18, ewu àtọ̀gbẹ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí kílò rẹ̀ dúró lójú kan. Kí la ó wá wò? Ibi tí kílò náà lọ jókòó sí ni.

Ìyá àgbà tó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí ọmọ tuntun mọ ohun tó ń ṣe. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ń fún, oúnjẹ ń ràn lára ọmọ. Bó bá ń yọ̀ bọ́ sí itan, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe. Okùn yẹn kò mọ kílò, ó mọ ibi tí ara ń gbà lọ. Ọ̀rá tó wà ní ìdí àti itan kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tó wà nínú ikùn, tó rọ̀gbà yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, òun ni ọ̀tá. Ó ń tú ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀, kì í jẹ́ kí ara gbọ́ràn sí ìnsúlínì tó ń kápá ṣúgà lẹ́nu mọ́, ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ẹ̀jẹ̀ á máa ru. Ènìyàn méjì lè wọn kílò kan náà, kí ọ̀kan gbé e sí ìdí, kí èkejì gbé e sí ikùn. Ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba rárá.

Ẹ mú okùn. Ẹ fi wọn gíga yín láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ fi yí ikùn ká, lókè egungun ìbàdí, ẹ má fa ikùn wọlé. Bí etí rẹ̀ méjèèjì bá pàdé, ikùn yín kò tíì ju ìdajì gíga yín lọ. Ìmọ̀ràn kan náà ni àjọ tó ń tọ́ àwọn oníṣègùn sọ́nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2022. Fún Ìyá Rìsí, sẹ̀ǹtímítà 80 ni. Aṣọ wa kò lè sọ èyí fún wa: ìró kì í kọ ẹnikẹ́ni, agbádá gba tínrín, ó gba sísanra. Ìwé télọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí télọ̀ yín ṣí ìwé rẹ̀ padà sí Iléyá tàbí Kérésìmesì ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kó ka ìwọ̀n ìbàdí yín sí yín létí.

Ìdájọ́ mi nìyí. Bí okùn Ìyá Rìsí bá pàdé, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru, tí ṣúgà rẹ̀ wà níbi tó yẹ, kó fi kílò márùn-ún yẹn sílẹ̀. Kó má febi pa ara rẹ̀, kó má da ara rẹ̀ láàmú. Iṣẹ́ tó kàn án ni kó má jẹ́ kí ó di mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n bí okùn kò bá pàdé, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ṣúgà sì ti ń gòkè, nígbà náà ó yẹ kó lé e, kò sì ní láti di ọmọge padà. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2002 kó ènìyàn 3,234 jọ, àwọn tí àtọ̀gbẹ ti ń kan ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n ní kí apá kan dín kílò wọn kù ní ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Àtọ̀gbẹ tó mú wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó gba oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Ìdá méje kílò 67 kò tó kílò márùn-ún.

Ọ̀nà tí a ó fi lé e wá ń kọ mí lóminú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra tíì ajẹ́-kára-fẹ́lẹ́ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tíì wọ̀nyí, ewé senna ló wà nínú wọn, ọmọ ìyá asùnwọ̀n tí a ń lò láti mú kí ènìyàn yàgbẹ́. Ọ̀rá kì í bá ìgbẹ́ jáde. Omi àti iyọ̀ ara ló ń bá a jáde, òṣùwọ̀n á wálẹ̀, inú ènìyàn á dùn, bó bá mu omi tán kílò á padà. Ọjọ́ kẹrin ni ẹ̀gbọ́n mi ṣubú nínú balùwẹ̀. Ikùn rẹ̀ kò fà sẹ́yìn rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra á.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti kọjá 65, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Ẹni tó bá rù, ẹran ara rẹ̀ máa ń bá ọ̀rá lọ, ẹran ara yẹn ni kì í sì jẹ́ kí àgbà ṣubú. Ní Ìbàdàn, onímọ̀ ìṣègùn kan, Adésọlá Ògúnníyì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn arúgbó Yorùbá fún ọdún mẹ́wàá: àwọn tí àrùn ìgbàgbé padà mú, ara wọn ti ń rù ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Nítorí náà, bí bàbá tàbí ìyá yín bá ń rù láìsí pé wọ́n fẹ́ ẹ, ẹ má yìn wọ́n, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ náà. Ìbẹ̀rù àwọn baba wa tọ̀nà níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ènìyàn, kì í sì hàn lójú. Àwọn nọ́ọ̀sì ti jókòó sábẹ́ igi níta pẹ̀lú okùn ìwọ̀n àti ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bí a bá ti dìde, kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé láìjẹ́ kí wọ́n wọn òun. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ jẹ́ kí àwọn àgbà kọ́kọ́ lọ.