Mọ́tò Wo Ni Kí Ẹgbẹ́ Wa Rà? Ọ̀rọ̀ Lórí Epo, Ààbò àti Àyè Ẹrù

  Wọ́n ní kí àwa ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wá bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí a má sì pẹ́ jù torí oúnjẹ ti délẹ̀. A ó gbìyànjú.

Ẹ rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, ẹgbẹ́ fẹnu kò pé ká yọ owó nínú àjẹṣẹ́kù wa, ká fi ra mọ́tò kan tí yóò máa bá wa kó ọjà láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ìbàdàn níbí. Irú mọ́tò tí a ó rà gan-an la kò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan ní Sienna ni. Àwọn kan ní bọ́ọ̀sì HiAce ni. Àwọn ọmọ wa ọkùnrin ní Corolla ni, wọ́n ní òun ni kì í mu epo. Ẹ̀yin náà mọ bí owó yìí ṣe wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lára èrè ata àti gàrí, kódà lọ́jọ́ tí ọjà ò tà. Nítorí náà, a ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tó bá pariwo jù lọ ni yóò borí lọ́jọ́ ìdìbò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti epo, torí òun ló ń ká gbogbo wa lára. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo bẹntiróòlù kan kò ju nǹkan bíi 190 náírà lọ lọ́dọ̀ wa. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti lé ní 480. Oṣù keje ọdún yẹn, ó ti tó 617 ní ọ̀pọ̀ ibi. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ilé epo tó ń tà á ní nǹkan bíi 1,000 náírà kò lóǹkà mọ́. Láti ìgbà náà, ó ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó tún gbúròó 190 mọ́. Nínú ìṣirò tí a fẹ́ ṣe yìí, 900 náírà la ó lò. Bí ẹ bá délé, kí àwọn ọmọ yín fi iye tí ẹ bá rí lára pọ́ǹbù lọ́jọ́ náà rọ́pò rẹ̀.

Corolla tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 2005, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1.8, tó bá ń gba ìtọ́jú, máa ń mu nǹkan bíi lítà 8 fún 100 kìlómítà. Sienna ọdún 2004, ẹ́ńjìnnì 3.3, onísílíńdà mẹ́fà, máa ń mu nǹkan bíi lítà 12. Láti Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀ wá jẹ́ 200. Corolla á mu lítà 16, Sienna á mu 24. Lítà 8 ni wọ́n fi jura wọn lọ. Tí a bá ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, 14,400 náírà nìyẹn lọ́sẹ̀ kan, 748,800 lọ́dún. Nígbà tí epo wà ní 190, ìyàtọ̀ kan náà kò ju 158,080 lọ lọ́dún. Ìdí nìyẹn tí ohun tí a kì í kà sí tẹ́lẹ̀ fi wá di ohun tí à ń jà lé lórí.

Àwọn ọmọ wa ti ń pàtẹ́wọ́. Ẹ dúró ná, ẹ̀yin ọmọ, a ò tíì parí. Ṣé mọ́tò là ń gbé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni, àbí ẹrù?

Tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ ó rí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara òpó ilẹ̀kùn yẹn. Ó máa ń sọ iye kìlógíráàmù tí ènìyàn àti ẹrù pa pọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Lára ọ̀pọ̀ Corolla, 385 ló wà níbẹ̀. Yọ awakọ̀ àti ìyá kan kúrò, ká pe àwọn méjèèjì ní 150 (ẹ má bínú o, àwa náà kò fúyẹ́), ó ku 235. Àpò 50 kìlógíráàmù mẹ́rin ni, kò lè gba ìkarùn-ún. Lítà 16 fún àpò 4, lítà 4 ló kan àpò kan. Tí ìwé ara Sienna tí a bá rí bá kọ 550, tí a yọ 150 kúrò, àpò 8 nìyẹn. Lítà 24 fún àpò 8, lítà 3 lórí àpò kan. Bọ́ọ̀sì HiAce tó jẹ́ ti ẹrù, tó lè gbé 1,000 kìlógíráàmù, yóò gba àpò 17 lẹ́yìn tí ènìyàn méjì bá ti jókòó. Ká ní ó mu lítà 26 lálọ àti àbọ̀, àpò kan kò tó lítà 2. Ẹ wá rí i pé mọ́tò tó ń mu epo díẹ̀ gan-an ló ń ná wa lówó jù lórí àpò kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe pé a kórìíra Corolla. Ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ lọ síléèwé, tó fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kó rà á, ó dára fún un. Ẹrù ọjà ni kò bá a mu.

Kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀sì náà. Tí ó bá kún ni ìṣirò yẹn dúró. A bi àwọn tó ń ná ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè. Wọ́n ní lọ́sẹ̀ tí ọjà bá yá, ẹrù wa máa ń tó àpò 15. Tí kò bá yá, ó lè má ju 8 lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí kò yá, Sienna mu 24, bọ́ọ̀sì mu 26, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jura wọn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó yá, Sienna gbọ́dọ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, lítà 48, bọ́ọ̀sì á lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ti epo nìkan, bọ́ọ̀sì ló borí. Owó tí a ó fi rà á ni ìṣòro rẹ̀, a ó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò ló gba àkókò wa jù ní ìgbìmọ̀, torí pé epo tó jó lánàá, a lè tà kí a rí owó rẹ̀ padà.

Tòkunbọ̀ la ó rà, gbogbo wa mọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni ti airbag, ìyẹn báàgì tó máa ń wú jáde níwájú awakọ̀ tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan. Ilé iṣẹ́ Japan kan tó ń jẹ́ Takata ló ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mọ́tò Toyota, Honda àti àwọn mìíràn. Ẹ̀tù tó ń mú báàgì náà wú máa ń bàjẹ́ tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá a jà fún ọdún púpọ̀. Tó bá wá bú, irin tó yí i ká á fọ́ yángá, á sì fò lu ẹni tó jókòó níwájú. Ó ti pa ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Malaysia. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún mọ́tò ni wọ́n ní kí àwọn onímọ́tò gbé padà wá, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Takata fúnra rẹ̀ wọ gbèsè ní 2017. Ọ̀pọ̀ Corolla tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2013 wà nínú rẹ̀, Honda Accord 2001 sí 2012 náà. Ẹ wá wò ó: ooru àti ọ̀rinrin, ṣé kì í ṣe ilẹ̀ wa gan-an nìyẹn?

Lára gíláàsì iwájú, lápá awakọ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tó jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17. Ọmọ tó bá mọ fóònù lò lè tẹ̀ ẹ́ sí ojú òpó àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, NHTSA, á sì rí i bóyá wọ́n ti pààrọ̀ tirẹ̀ àbí wọn ò tíì pààrọ̀ rẹ̀. Kò gba owó. A ti pinnu pé a ò ní san kọ́bọ̀ lórí mọ́tò tí a kò bá tíì wo nọ́ńbà rẹ̀. Bákan náà, tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná airbag gbọ́dọ̀ tàn níwájú awakọ̀, kó sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Tí kò bá tàn rárá, ẹ má yọ̀. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà mọ̀ pé báàgì ti bú tẹ́lẹ̀.

Táyà: ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí òǹkà mẹ́rin lẹ́yìn lẹ́tà DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ojú rẹ̀ lè dúdú mìnìjọ̀ kó ti gbó nínú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kì í yé kìlọ̀ pé táyà tó ti lé lọ́dún mẹ́rin kò yẹ lójú títì wa. Táyà tuntun wà nínú owó tí a kọ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ká fi tòkunbọ̀ sí i.

Èyí tó kàn yìí, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fún wa létí dáadáa. Sienna ní ìrọ̀rùn kan: ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ká wọ ilẹ̀, ti àárín ṣeé yọ, inú rẹ̀ á wá dà bíi yàrá. Ibẹ̀ náà lewu wà. Tí wọ́n bá ti yọ ìjókòó, àwọn ìyá á máa jókòó lórí àpò gàrí, bíi ti ayé bọ́lẹ̀kájà. Kò sí bẹ́líìtì lórí àpò gàrí. Tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ìyá á lọ síwájú, àpò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, mọ́tò yòówù tí a bá rà, ẹni tí kò bá ní ìjókòó àti bẹ́líìtì kò ní wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ alága. Wẹ́ldà á sì ṣe àsopọ̀ irin sẹ́yìn ìjókòó tí ẹrù kò fi ní ya lu awakọ̀. Ti bọ́ọ̀sì, ẹ rí i pé imú rẹ̀ kúrú, orúnkún awakọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níwájú pátápátá. Sienna ní imú tó lè gba ìyà díẹ̀. Èyí wúwo lójú àwọn kan nínú wa.

Ẹnì kan béèrè nípa gáàsì CNG. Ó rọjú ju bẹntiróòlù lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n sílíńdà rẹ̀ á jókòó sí búùtù, á gba àyè ẹrù. Agbára tí wọ́n fi ń fún un sínú rẹ̀ tó 200 bar, kì í ṣe ti gáàsì ìdáná rárá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ kan bú gbàmù níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì ní ìlú Benin. Àwọn tó ń darí ètò CNG fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé sílíńdà tí kò bójú mu, tí wọ́n jó pọ̀, ló wà nínú rẹ̀. Tí a bá máa ṣe é lọ́jọ́ iwájú, ibi tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná.

Ti ìwé mọ́tò: láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má gba ẹnubodè orí ilẹ̀ kó mọ́tò wọlé. Èyí tó bá gba ọ̀nà Kùtọnú wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ wa lójú ọ̀nà, owó ẹgbẹ́ á sì lọ. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù kọ́kọ́, ká tó na ọwọ́ sí àpò.

Ó wá ku ti owó. Bọ́ọ̀sì HiAce tó dára wọ́n ju Sienna lọ dáadáa. Tí a bá rà á, ẹ̀yáwó tí ẹgbẹ́ máa ń fún yín ní oṣù kejìlá, tí ẹ fi ń kó ọjà ọdún, yóò kéré lọ́dún yìí. Tí a bá ra Sienna, ẹ̀yáwó yóò dúró bó ṣe wà, ṣùgbọ́n mọ́tò á máa lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tí ọjà bá yá. Àwa méje nínú ìgbìmọ̀ kò fẹnu kò: mẹ́rin wà lẹ́yìn Sienna, mẹ́ta wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ìjà ò sì sí níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni owó, ẹ̀yin lẹ ó dìbò.

Títí di ìpàdé tó ń bọ̀, ìwé ìṣirò wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wá. Ẹni tó bá mọ ibi tí mọ́tò gidi wà, kó mú nọ́ńbà 17 yẹn wá, kì í ṣe àwòrán mọ́tò nìkan. Mẹkáníìkì wa á bá wa lọ, a ó sì gbé àpò gàrí mẹ́jọ dání, kó fi wa mọ́tò náà gun òkè kan kó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí a tó sanwó.

 Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.