Ìwé Ìwọ̀lú àti Ọlá Ìlú Wa: Ohun tí Ó Yẹ kí Ẹni tí Ń Lọ Kí Ìlú Ọba Mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan láti ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa

   Akọ̀wé ní kí n yan ọ̀rọ̀ tí yóò ṣe ilé àti ẹ̀yìn odi ní àǹfààní. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé kò sí ohun tí ń so ilé mọ́ ẹ̀yìn odi lóde òní tó ìrìnàjò òbí lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Kò sì sí ohun tí ń kó owó wa dànù, tí ó sì ń dójú tì wá, tó àìmọ òfin ìrìnàjò náà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní físà, ni mo fẹ́ sọ. N ó fi ọ̀rọ̀ mi mọ sí ti Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà, àti sí ti ẹni tí ó fẹ́ lọ kí ènìyàn tàbí lọ fi ojú rí ìlú, tí yóò sì padà wálé.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí àwa Yorùbá pé kí ìlú ní ẹnubodè. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa mọ odi yí ìlú ká, oníbodè wà níbẹ̀. A bi àlejò pé níbo ni ó ti ń bọ̀, ilé ta ni ó ń lọ, kí ni ó gbé lẹ́rù, ọjọ́ wo ni yóò sì padà. A sì gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀. Àlejò tí ó dáhùn tààrà wọlé. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ta kókó sùn sí ẹ̀yìn odi. Bí ẹ bá rántí èyí, ẹ ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí pé ìbéèrè kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń bi wá lónìí. Orí ìwé ni ó ti ń bi í.

Àwọn àgbà láàárín wa lè sọ pé kò rí báyìí ní ìgbà tiwọn. Òtítọ́ ni. Àwọn tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àpápá lọ sí Liverpool ṣáájú 1962 kò gba físà kí wọ́n tó lọ. Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1962 ni ó kọ́kọ́ fi ìjánu sí wíwọlé àwọn ọmọ ilẹ̀ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ó di 1986, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú ọmọ Gánà, Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh, yóò máa gba físà kí ó tó gbéra nílé. Láti ìgbà náà ni ẹnubodè Lọ́ńdọ̀nù ti ṣí wá sí ilẹ̀ wa níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí físà àlejò jẹ́. Oṣù 6 ni ó pọ̀ jù tí àlejò lè lò ní ìrìnàjò kan. Àwọn físà kan wà tí ó gùn ní ọdún 2, ọdún 5 tàbí ọdún 10, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì ṣi èyí lóye. Físà ọdún 10 kò fún ènìyàn láyè láti gbé ibẹ̀ fún ọdún 10. Ó kàn lè máa lọ, kí ó máa bọ̀, láàárín ọdún wọ̀nyí ni. Ìgbàkígbà tí ó bá sì lọ, kò gbọdọ̀ lò ju oṣù 6 lọ. Àlejò lè kí ọmọ àti ọ̀rẹ́, ó lè fi ojú rí ìlú, ó lè lọ sí ìpàdé òwò, ó sì lè kọ́ ẹ̀kọ́ kúkúrú. Kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ owó ṣe níbẹ̀, ìbáà ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan; kò gbọdọ̀ gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba; bí ó bá sì fẹ́ ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀, físà mìíràn wà fún ìyẹn.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń lọ wẹ ọmọ tuntun, ẹ fetí sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ìyá àgbà má pọn ọmọ ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó bá lọ kí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n pè é wá di olùtọ́jú ọmọ, kí àwọn òbí lè máa lọ sí ibi iṣẹ́ láti oṣù dé oṣù, òfin lè ka ìyẹn sí iṣẹ́. Kí ẹ̀yin ọmọ tí ń ránṣẹ́ pe ìyá mọ ìyàtọ̀ yìí kí ẹ tó ránṣẹ́.

Nǹkan mẹ́rin ni ẹni tí yóò ka ìwé yín ń wá. Èkíní, ṣé ìdí tí ẹ kọ sílẹ̀ ni ẹ fi ń lọ ní tòótọ́? Èkejì, ṣé ẹ ó padà nígbà tí ọjọ́ bá pé? Ẹ̀kẹta, ṣé owó ọkọ̀, oúnjẹ àti ibùwọ̀ wà nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ẹ̀kẹrin, ṣé ẹ kò fẹ́ fi àbẹ̀wò léraléra sọ ibẹ̀ di ilé? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni yìí kò ní rí ojú yín rárá. Kò mọ̀ pé ìdílé yín ni ó ń jẹ Balógun, kò sì mọ̀ pé ẹ jẹ́ alàgbà ìjọ. Ìwé tí ẹ kó síwájú rẹ̀ ni ẹnu yín.

Ọ̀nà tí a ń gbà béèrè físà náà kò le. Lójú ewé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń kọ ọ́. A kò sì lè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú oṣù 3 sí ọjọ́ ìrìnàjò. Ibẹ̀ náà ni a ti ń san owó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n sọ owó físà olóṣù 6 di £127. Owó yìí a máa gòkè láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà kí olúkúlùkù wo iye tí ó jẹ́ ní ọjọ́ tí yóò san án. Lẹ́yìn èyí, a ó lọ tẹ̀ka, wọn yóò sì ya àwòrán ojú wa, ní ibùdó tí ó wà fún un ní Èkó tàbí Àbújá. Èsì a sábà máa jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn ìtẹ̀ka. Àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó wọ̀nyí kò ní ọwọ́ nínú ìdájọ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé òun mọ ènìyàn níbẹ̀ tí yóò bá yín mú físà jáde, owó yín ni ó ń wá. Bákan náà, ẹni tí yóò lò ju oṣù 6 ni òfin ní kí ó ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò olóṣù 6.

Nísisìnyí, a dé orí ìwé, níbi tí wàhálà pọ̀ sí. Pásípọ́ọ̀tù gbọdọ̀ ní ọjọ́ nínú títí ẹ ó fi padà. Òfin kò dá iye kan pàtó tí àlejò gbọdọ̀ ní ní báńkì. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí owó náà ṣe bá ìgbésí ayé ẹni mu. Bí olùkọ́ bá ń gba owó oṣù rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ó sì ń tọ́jú díẹ̀ níbẹ̀, ìwé báńkì rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kẹ́ àìmọye náírà bá já lu àpò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìtẹ̀ka, ẹni tí ń kàwé yóò béèrè ibi tí ó ti wá. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, yóò ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Bí ọmọ bá fi owó ránṣẹ́ fún ìrìnàjò náà, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Kí ẹ sọ pé ọmọ ni ó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì fi ìwé ọmọ náà tì í.

Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa ń ṣe òwò tí ó tó òwò, ṣùgbọ́n ọwọ́ alájọ àti inú àpótí ni owó wọn ń gbé. Ẹni tí ó bá ń gbèrò àti rìn ní èèmọ́dún, òní ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kó owó ọjà lọ sí báńkì. Kí ó tọ́jú ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò rẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ pé ìsinmi ni ó gbà, iṣẹ́ sì ń dúró dè é. Kí ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì mú ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wá. Ìwé ilé, ìwé oko, ìwé àwọn ọmọ tí ó kù nílé, gbogbo wọn ni ó ń dáhùn ìbéèrè kejì: kí ni yóò fà yín padà wálé? Ìwé tí a bá fi Yorùbá kọ gbọdọ̀ ní ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí olùtumọ̀ fọwọ́ sí.

Ẹ tún kíyè sí orúkọ. Bí ìyá bá jẹ́ Àbíkẹ́ nínú pásípọ́ọ̀tù, tí ó jẹ́ Mary ní báńkì, tí ọmọ sì kọ orúkọ kẹta sínú ìwé ìpè, ènìyàn mẹ́ta ni oníwèé yóò rí. Ẹ tètè tún un ṣe, kí ẹ sì fi ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun, ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Ẹ kọ ìwé ìpè tí ó sọ ẹni tí ẹ jẹ́ sí àlejò, ibi tí yóò dé sí, ọjọ́ tí yóò lò, àti ẹni tí yóò san owó. Ẹ fi ẹ̀rí owó oṣù àti ti ilé tí ẹ ń gbé tì í. Òfin sọ pé ẹni tí yóò gbọ́ bùkátà àlejò gbọdọ̀ wà ní ilẹ̀ náà lọ́nà tí ó tọ́. Ẹni tí ìwé tirẹ̀ kò gún, kí ó má ṣe dúró fún ẹlòmíràn.

Mo wá dé ibi tí ó dùn mí jù. A ń gbọ́ pé àwọn ajẹ́ńtì kan ń ṣe ìwé báńkì, ìwé iṣẹ́, àní ìwé ìgbéyàwó pàápàá, fún ẹni tí ó bá lówó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ìyà tí ó wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí a bá mú pé ó fi irọ́ tàbí ayédèrú ìwé béèrè físà, a lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 10. Ìyá ẹni ọdún 65 tí ajẹ́ńtì parọ́ fún lórúkọ rẹ̀ yóò di ẹni ọdún 75 kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Orúkọ ìyá ni ó wà lórí ìwé. Ajẹ́ńtì ti gba tirẹ̀ lọ. Kò sì sí ilé-ẹjọ́ tí ẹ lè sáré lọ bí ẹni tẹ́lẹ̀ rí, nítorí pé ní 2013 ni wọ́n mú ẹ̀tọ́ ìpẹ̀jọ́ kúrò fún àlejò ìdílé, àfi níbi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn bá wọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó sọ òtítọ́, tí wọn kò sì fún ní físà, ipò tirẹ̀ yàtọ̀. Wọn kò tì í mọ́ta. Wọn yóò kọ ìdí rẹ̀ fún un. Kí ó kà á, kí ó wá ìwé tí ó kù, kí ó sì tún béèrè nígbà tí ìdí náà bá ti yanjú. Owó àkọ́kọ́ kò ní padà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ mọ́.

Físà nìkan kọ́ ni ìwọlé. Aṣọ́bodè ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ṣì lè bi yín ní ìbéèrè. Ẹ má di ìwé ìpè sínú ẹrù ńlá. Ọwọ́ ni kí ó wà. Ẹ má gbé ẹran, ìbáà ṣe gbígbẹ tàbí ẹran ìgbẹ́, ẹ má sì gbé wàrà; wọn yóò gbà á. Ẹni tí ó bá mú £10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dání gbọdọ̀ sọ ọ́. Kí àgbà tí ń lo oògùn kó èyí tí yóò tó o, pẹ̀lú ìwé dókítà, kí ó sì ra ìwé adójútòfò. Ní England, ìtọ́jú pàjáwìrì ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kì í gba owó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá àlejò dúró lórí ibùsùn, ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye ìtọ́jú náà ni yóò san. Gbèsè ilé ìwòsàn tí ó tó £500, tí a kò sì san, lè di físà ọjọ́ iwájú lọ́wọ́.

Nígbà tí ọjọ́ bá pé, ẹ padà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé, “Kí ó ṣáà ti wọlé, ìyókù á yanjú.” Èmi tí mo ń gbé ibẹ̀ ń sọ fún yín pé kì í yanjú. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kò lè gba iṣẹ́ tí ó tọ́. Láti inú òfin 2014, onílé ní England gbọdọ̀ wo ìwé ayálégbé kí ó tó fún un ní yàrá. Bí wọ́n bá sì fi owó ìjọba dá a padà, ó lè di ọdún 10 kí ó tó tún fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá kú nílé, kò lè wá sin ín kí ó sì padà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ohun mẹ́ta ni mo fi ń bẹ ẹgbẹ́ yìí. Kí a yan ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n mọ̀wé nílé, tí yóò máa ka ojú ewé ìjọba náà fún àwọn àgbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n má baà bọ́ sọ́wọ́ ajẹ́ńtì. Kí ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù máa darí ọ̀rọ̀ tí ó bá díjú sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn tí ó forúkọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin wọn ti 1999 ṣe pa á láṣẹ. Kí ẹgbẹ́ yìí má sì ṣe tún fi òǹtẹ̀ rẹ̀ sí ìwé ẹnikẹ́ni tí a kò mọ ìdí ìrìnàjò rẹ̀, nítorí pé òǹtẹ̀ náà ni ọlá ìlú.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ọmọ ìlú yìí bá dé ẹnubodè ìlú àjèjì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tọ́, ó ṣí ọ̀nà fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí Olódùmarè mú wa lọ, kí ó mú wa bọ̀, kí ó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa ṣì.