Òmìnira Ọlọ́jà àti Iṣẹ́ Ìjọba: Ọ̀rọ̀ tí A Bá Ẹgbẹ́ Sọ

 

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé kí ìjọba wá fi iye lé gàárì àti iṣu, kí ara lè tu aráàlú. Àwọn mìíràn ní kí ìjọba má tilẹ̀ yọjú sọ́jà rárá. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, ṣùgbọ́n a ní ohun tí a gbà gbọ́. Ẹ jẹ́ ká là á.

A gbà gbọ́ pé ẹni tó ra ọjà, tó san owó mọ́tò, tó jókòó sínú oòrùn, òun àti oníbàárà rẹ̀ ló yẹ kó jọ dúnàá-dúrà. Wọ́n ti fi iye lé oúnjẹ rí ní Èkó, nígbà ogun Hitler. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pullen ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ètò náà. Iye tí wọ́n fi lé e kò pa owó táwọn ìyá wa fi rà á. Kí ló ṣẹlẹ̀? Oúnjẹ sá kúrò lójú ọjà, wọ́n ń tà á ní kọ̀rọ̀, ó sì wọ́n gógó. Ìyá Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, ló ṣáájú àwọn tó kọ̀ ọ́. Nígbẹ̀yìn, wọ́n pa ètò náà tì.

Ṣùgbọ́n òmìnira kì í ṣe àìlófin o. Ẹni tó ń tẹ ìdí mùdù wọnú, tó ń lú epo, kò lè pe ìyẹn ní òmìnira. Ẹni tó ń rà náà lẹ́tọ̀ọ́ tirẹ̀. Níbẹ̀, kí òfin wá, kó mú àwa pàápàá.

Kí wá ni iṣẹ́ ìjọba? Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 14, ní ààbò àti ìgbé ayé ìrọ̀rùn aráàlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Òfin yìí kan náà fi ọjà, gáréèjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí a bá béèrè wọn, a ò ṣagbe. Ẹni tí kò lè lọ kó iṣu lóko nítorí ẹ̀rù ajínigbé, òmìnira wo ló kù fún un? Ó lè tà á ní iye tó wù ú, ṣùgbọ́n iṣu ò sí nílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè: a ó ṣe tiwa, kí ìjọba ṣe tirẹ̀.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì, a ó san. Ẹni tó gbà á, kó fún wa ní rìsíìtì, kó sọ ohun tó fi ṣe. Nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí ni Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn ọlọ́jà Abẹ́òkúta ṣe dìde ní 1947: obìnrin ń san owó orí, wọn ò sì lẹ́nu nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ní January 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀. Lónìí, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá a ní July 11, 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. A ti mọ ẹni tí a ó bi.

Èyí tó kàn wá jù rèé. Ní ìdìbò 1959, àwọn obìnrin Ìbàdàn àti Èkó dìbò. Àwọn ìyá tiwa nílẹ̀ Kàbà ò dì í, torí abẹ́ Àríwá la wà, òfin ibẹ̀ ò fún obìnrin níbò. Ó di 1976 kí wọ́n tó fún wa, 1979 la sì kọ́kọ́ dìbò yan Ààrẹ. Ohun tó pẹ́ tó báyìí kó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ṣé ike iyọ̀ kan la ó fi pààrọ̀ rẹ̀?

Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í: ọ̀nà oko ńkọ́? Omi ọjà ńkọ́? Owó tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ gbọ́ ìdáhùn kí ẹ tó ṣèlérí. Kí ìjọba bá wa ṣọ́ ọjà, kó má bá wa tà á.

 Ajé á wọgbá.