Ta Ló Wà Lábẹ́ Ẹrù Náà?

Bí a bá dárúkọ hẹlikọ́pítà ní Ìlọrin níbí, ọ̀pọ̀ wa yóò rántí ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 2019, nígbà tí èyí tó gbé Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmi Ọṣinbajo, já lulẹ̀ ní Kabba, ìlú tó wà pẹ̀lú wa ní Kwara títí di ọdún 1991. Eruku tí ó fẹ́ sókè bí ó ti fẹ́ balẹ̀ ni kò jẹ́ kí awakọ̀ ríran. A dúpẹ́, ẹnikẹ́ni kò kú.

Ṣùgbọ́n ewu mìíràn wà tí a kì í ronú kàn. Hẹlikọ́pítà a máa fi okùn gbé ẹrù kọ́ sábẹ́ ikùn: òpó iná, irin, kọnkéré, lọ sí ibi tí tírélà kò lè dé. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, ọ̀kan ń gbé garawa kọnkéré tó wúwo tó nǹkan bí 750 kílò lọ sórí òkè ní Sölden, orílẹ̀-èdè Austria. Nísàlẹ̀, okùn irin kan ń fa àwọn yàrá kékeré tí èèyàn ń wọ̀ gun òkè náà. Garawa já bọ́, ó ba okùn yìí. Yàrá kan ṣubú, àwọn mìíràn mì jìgìjìgì títí wọ́n fi da èèyàn síta. Ẹni mẹ́sàn-án kú, àwọn ará Jámánì tó wá gbafẹ́. Ọmọdé ni mẹ́fà nínú wọn.

Ẹ kíyè sí i: hẹlikọ́pítà kò já. Ẹrù ló já. Bọ́tìnì wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó lè fi tú ẹrù sílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá dáṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó ń gba ẹni òkè là, òun náà ló lè pa ẹni ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kò tó kí awakọ̀ mọṣẹ́. Abẹ́ ẹrù gbọ́dọ̀ ṣófo.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kéréènì tó ń gbé irin nílùú wa. Ta ló wà lábẹ́ rẹ̀? Ìyá alákàrà ni, lébìrà ni, ọmọ iléèwé ni. Bí ó bá já, a ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Rárá o! Nínú Diutarónómì 22:8, Ọlọ́run ní kí onílé mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá já bọ́ má baà wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ ọmọ yín kí wọ́n má sáré lọ bá hẹlikọ́pítà, kí wọ́n má sì gba abẹ́ ẹrù kọjá. Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, ẹ sọ fún aráàlú ṣáájú, ẹ dí ọ̀nà, kí ẹ sì fún ẹni tí ẹ ní kó pàlẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́ ní owó ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi òṣìṣẹ́ ìjọba, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, ẹ béèrè pé: ta ló wà lábẹ́ ẹrù náà? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Olúwa yóò máa ṣọ́ wa. Kí àwa náà máa ṣọ́ ara wa.