Ẹyẹ Ìgbà Ọyẹ́ ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀: Ohun tí Ojú Rí àti Ohun tí Ìwé Gbà



Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí àwọn ẹyẹ tí ó jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń rí wọn. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá, tí ọyẹ́ sì ń múra àtiwọlé, kò sí àgbàlagbà ní Òkìtìpupa, Ìkọ̀yà, Òde-Ayé, Òde-Ìrèlè tàbí Igbótako tí kò mọ̀ pé àwọn ẹyẹ kan yóò wà káàkiri. Nígbà tí òjò bá tún fìdí múlẹ̀, a kò ní rí wọn mọ́. Ojú wa rí wọn, ẹnu wa sì ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwé kò gbà á sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ẹyẹ tí a rí, tí a kò kọ ọjọ́ rẹ̀, ibi rẹ̀ àti iye rẹ̀ sílẹ̀, tí a kò sì fi tó ẹlòmíràn tí ń wo ẹyẹ létí, kò tíì di ìmọ̀.

1. Òtútù lọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ̀rùn níhìn-ín

Oríṣi àlejò méjì ni a ń gbà. Èkíní ni àwọn tí ó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá, tí wọ́n sọdá òkun àti aṣálẹ̀ Sàhárà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí òtútù bá mú lọ́hùn-ún, kòkòrò tí wọ́n ń jẹ a máa wọ́n. Àìrí oúnjẹ ni ó ń lé wọn jù lọ. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ni a lè fi ṣe olórí wọn. Èkejì ni àwọn tí kì í kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà: lékèélékèé àti àwòdì. Nígbà òjò, púpọ̀ nínú wọn a máa lọ sí ìhà àríwá. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá gbẹ, wọn a padà sọ́dọ̀ wa ní gúúsù. Ọmọdé tí ń na ìka sókè sí lékèélékèé pé kí ó fún òun ní èékánná funfun, kàlẹ́ńdà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń kà láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ gba àlàyé díẹ̀, nítorí orúkọ kan náà ni a fi ń pe ẹyẹ púpọ̀. Èyí tí ń fi ẹrẹ̀ mọ ilé sábẹ́ òrùlé wa, onílé ni. Àlejò láti Yúróòpù kì í kọ́ ilé síbí, kì í sì í yé síbí. Ó wá jẹun, ó sì wá pààrọ̀ ìyẹ́ ara rẹ̀ ni. Bí ẹ bá rí i lórí wáyà iná, ẹ wo ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀fun àgbà àlejò pupa rúsúrúsú, àmùrè dúdú sì gba àyà rẹ̀ kọjá láti apá kan dé èkejì. Ọ̀kan wà nínú àwọn onílé tí ó jọ ọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fun tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, àmùrè àyà rẹ̀ sì já láàárín. Ẹni tí ó bá kọ "alápàáǹdẹ̀dẹ̀" lásán sínú ìwé kò tíì sọ ẹyẹ tí ó rí.

2. Bí ayé ṣe mọ ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀

Nígbà kan rí, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn gbà pé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń sùn sí nígbà òtútù. Ní ọdún 1822, ní ìtòsí Klütz ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n yìnbọn pa ẹyẹ àkọ̀ kan. Ọ̀kọ̀ tí wọ́n ṣe ní Áfíríkà ni wọ́n bá ní ọrùn rẹ̀. Ẹyẹ náà wà ní Yunifásítì Rostock títí di òní.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1911, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ John Masefield fi òrùka kékeré sí ẹsẹ̀ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ní Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kejìlá ọdún 1912, wọ́n rí ẹyẹ yìí kan náà nínú ilé oko kan ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Ẹni tí ó rí i ka nọ́ńbà àti àdírẹ́sì tí ó wà lára òrùka náà, ó sì kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́tà yẹn ni ó kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ibi tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí onímọ̀ ẹyẹ kankan nínú ilé oko náà. Bí ẹni tí ó rí òrùka bá jù ú sígbó ni, iṣẹ́ agbẹjọ́rò yẹn ì bá já sí asán.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ní ilẹ̀ tiwa. Ní Ebbaken, ní agbègbè Boki ní Ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ àlejò a máa kó ara wọn jọ sùn lórí òkè, nínú koríko gíga, tí wọ́n fi fojú bù ú pé wọ́n tó mílíọ̀nù kan àbọ̀. Àwọn ará abúlé ti ń fi oje igi mú wọn jẹ tipẹ́ kí àwọn onímọ̀ láti òkèèrè tó gbọ́. A ti rí èyí tí wọ́n fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ ní Yúróòpù níbẹ̀. Ọdẹ ni ó kọ́kọ́ mọ ibùsùn yẹn. Ìgbà tí ìmọ̀ rẹ̀ dé etí ẹlòmíràn ni a tó lè sọ̀rọ̀ nípa bí a ó ṣe dáàbò bò ó.

3. Àwọn tí ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà

Ní ọdún 1964, àwọn tí ń wo ẹyẹ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wọn jáde. Nínú rẹ̀ ni ẹni tí ó wà ní gúúsù ti ń mọ ohun tí ẹni tí ó wà ní àríwá rí. Ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn rẹ̀ sì ń jẹ́ Malimbus láti ọdún 1979. J. H. Elgood, tí ó kọ́ni ní ìmọ̀ ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn òpó rẹ̀. Ní ọdún 1966, òun pẹ̀lú R. E. Sharland àti P. Ward kọ nípa àwọn àlejò láti Yúróòpù. Ní ọdún 1973, òun pẹ̀lú C. H. Fry àti R. J. Dowsett kọ nípa àwọn tí ń ṣí kiri nínú Áfíríkà. Ìwé rẹ̀ lórí ẹyẹ Nàìjíríà jáde ní ọdún 1982. Kò sí ojú kan ṣoṣo tí ó lè rí gbogbo ohun tí ó wà nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ní ọdún 2015, iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀, tí ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis ní Jos wà nídìí rẹ̀: yíya ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà sórí máàpù. Wọ́n pín ilẹ̀ wa sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, tí ìhà kọ̀ọ̀kan tó kìlómítà 9. Ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ yóò yan ọ̀kan, yóò fi ó kéré tán wákàtí méjì wo ẹyẹ inú rẹ̀, yóò kọ wọ́n bí ó ṣe ń rí wọn tẹ̀léra, yóò sì fi fóònù rẹ̀ fi í ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n máàpù bẹ́ẹ̀ lè fi ibi tí àwọn tí ń wo ẹyẹ ń gbé hàn ju ibi tí ẹyẹ wà lọ. Bí ojú máàpù bá ṣófo, kò túmọ̀ sí pé igbó ṣófo.

4. Bí a ṣe lè mọ̀ pé nǹkan ń dín kù

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé lékèélékèé kò pọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kí ni a ó fi wọ̀n ọ́n? Ní ọdún 1972, Reginald Moreau fojú bù ú pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 ẹyẹ ni ó ń ti àríwá ayé wá sí Áfíríkà lọ́dọọdún. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ mìíràn ṣírò bílíọ̀nù 2.1. Ẹni tí ó bá yára lè sọ pé ó ju ìdajì lọ tí ó ti ṣègbé. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà ìṣirò wọn yàtọ̀, ilẹ̀ tí wọ́n kà kò sì dọ́gba. A kò lè fi òṣùwọ̀n ọjà kan yọ ti ọjà kejì kúrò. Ẹni tí ó bá ka ẹyẹ ní ibi kan náà, ní ọ̀nà kan náà, lọ́dọọdún, òun ni ó lè sọ pé ó dín.

5. Ohun tí ó kan Ìkálẹ̀

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà láàárín igbó Olúwa ní àríwá àti omi Ìlàjẹ ní gúúsù, oko ọ̀pẹ sì ti gba ibi púpọ̀ tí igbó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹyẹ kékeré láti Yúróòpù tí ń jẹ kòkòrò orí igi, àti àwọn tí ń rìn létí omi, kò lè fẹ́ ibì kan náà. Bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà ni ẹyẹ ń yí padà. Bí a kò bá kọ ọ́ nísinsìnyí, àwọn ọmọ wa kò ní mọ ohun tí wọ́n pàdánù.

Mo dábàá pé kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan fún ẹyẹ ẹ̀ẹ̀rùn. Kí a kọ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí lékèélékèé, àti ọjọ́ tí a rí i gbẹ̀yìn. Kí a ka iye rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, kí a kà á ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kí a kọ ọjọ́ tí a wò tí a kò rí nǹkan kan pẹ̀lú, nítorí òfo náà jẹ́ ìròyìn. Kí a bi àwọn àgbà ní orúkọ tí Ìkálẹ̀ ń pe ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ ọ́ bí wọ́n ti pè é. Bí ọdẹ bá rí òrùka lẹ́sẹ̀ ẹyẹ, kí ó mú nọ́ńbà rẹ̀ wá. Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí àwọn ilé-ìwé jókòó pọ̀, kí wọ́n fi ìwé wọn wéra, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ya máàpù.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a bá rí kọ́ ni a ń kéde. Odídẹrẹ́ di ohun tí òfin káríayé fi ààbò tí ó ga jù lọ sí lórí ní ọdún 2017, nítorí pé àwọn oníṣòwò ti kó o tán nínú igbó púpọ̀. Ẹni tí ó bá rí ihò igi tí ó ń yé sí, kí ó sọ fún onímọ̀, kí ó má sọ ọ́ lọ́jà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, nígbà tí ebi ń pa ará ìlú, kí ni kíka ẹyẹ jẹ́? Mo gbà pé àwòdì ń gbé òròmọdìyẹ. Ṣùgbọ́n lékèélékèé tí ń tẹ̀lé màlúù ń ṣa tata jẹ, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń kó kòkòrò nínú afẹ́fẹ́ lórí oko wa. Àgbẹ̀ tí ó mọ ìgbà tí wọ́n ń dé àti ìgbà tí wọ́n ń lọ mọ ohun kan nípa òjò àti ọ̀dá tí ìwé àlejò kò lè sọ fún un.

Ẹyẹ wọ̀nyí ní ilé méjì. Àwọn tí ó wà nílé kejì ti ń kọ apá tiwọn láti ìgbà pípẹ́. Bí a kò bá kọ tiwa, ìdajì ìtàn ni ayé yóò máa kà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ó tó àkókò kí Ìkálẹ̀ náà mú ọgbọ́n tirẹ̀ wá.