Ẹ Fi Òkúta Mẹ́wàá Wọn Ìrora Ọmọ Tó Ń Sáré

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ọmọ tó ń sáré ní kọ́léèjì, tí ẹsẹ̀ wá ń dùn ún.

Noélie Yarigo, ọmọ orílẹ̀-èdè wa, gbé ipò kẹta nínú eré 800 mítà ní ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Glasgow ní oṣù kẹta ọdún 2024. Àwọn ọmọ wa náà fẹ́ sáré. Ó dára. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ bá dùn wọ́n, àwọn ìyá kan á ra oògùn lọ́jà fún wọn, kí wọ́n lè sáré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìrora dà bí ajá tó ń gbó nígbà tí olè wọlé. Bí ẹ bá di ajá lẹ́nu, olè ṣì wà nínú ilé.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ẹsẹ̀ náà wò nílé ìwòsàn, tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́wàá. Bí kò bá dùn ún rárá, kó má mú ìkankan. Bí kò bá sí ìrora tó tún lè ju ìyẹn lọ, kó mú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹ bi í lẹ́ẹ̀mẹta: nígbà tó ń sáré, lálẹ́, àti láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Bí kò bá ju méjì lọ, kó máa bá a lọ. Bó bá jẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ó lè sáré, ṣùgbọ́n kó má fi kún un. Bó bá ju márùn-ún lọ, kó dúró. Bí ìrora kò bá tíì rọlẹ̀ láàárọ̀, eré àná ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù.

Ní Sweden, wọ́n gbé irú òṣùwọ̀n yìí yẹ̀ wò lára èèyàn 38 tí iṣan gìgísẹ̀ ń dùn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Gbogbo wọn ń ṣe ìdárayá tó ń fún iṣan lágbára. Àwọn tó ń sáré lọ lábẹ́ òṣùwọ̀n náà sàn bí àwọn tó kọ́kọ́ sinmi eré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹ ka eré náà bí ẹ ṣe ń ka owó ọjà. Kó sáré ìṣẹ́jú kan, kó rìn méjì, lẹ́ẹ̀mẹfà. Kó sinmi lọ́jọ́ kejì. Kó kọ ọ́ sínú kàyé. Kó má fi kún àkókò kó tún fi kún ìyára lọ́sẹ̀ kan náà. Omi tó ń pọn, igi tó ń rù bọ̀ láti oko, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni. Ẹ kà á mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n yìí kì í ṣe fún egungun o. Bí ojú kan lórí egungun bá ń dùn ún tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, bó bá ń tiro, bí ẹsẹ̀ bá wú, bó bá ń dùn ún lóru, tàbí bí ara rẹ̀ bá gbóná, kó má sáré mọ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọmọbìnrin tó ń sáré tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró, ẹ mú òun náà lọ. Bí oúnjẹ rẹ̀ kò bá tó eré tó ń sá, egungun rẹ̀ lè tètè sán.

Ẹ má pe ọmọ tó mú òkúta méje ní ọ̀lẹ. Bí ẹ bá bá a wí nítorí rẹ̀, lọ́la á mú méjì, á sì máa sáré lórí egungun tó ti sán.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjà á tà o.