Ká Ní Bọ́lá Ìgè Ni Wọ́n Mú



Bí Yorùbá bá ti pé jọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí, tí iyán sì ti wọlé tán, "ká ní" ni ọ̀rọ̀ máa ń kàn. Ká ní wọn ò fagi lé ìbò ààrẹ June 12, 1993. Ká ní Abíọ́lá, tó jáwé olúborí nínú ìbò náà, ò kú sí àhámọ́. Tèmi lónìí ni pé: ká ní Olóyè Bọ́lá Ìgè ni wọ́n fà kalẹ̀ ní 1999 ńkọ́?

Ẹ̀yin àgbà rántí òtẹ́ẹ̀lì D'Rovans n'Íbàdàn, ní oṣù kìíní ọdún náà. Èèyàn 23 péré ló yan ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú AD (Alliance for Democracy) máa gbé síta fún ipò ààrẹ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ti gbà pé ti Ìgè, gómìnà Ọ̀yọ́ àná, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, ni. Olóyè Olú Fálaè ni wọ́n mú, 14 sí 9.

Ṣé Ìgè ì bá wọlé? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fálaè, tí AD àti ẹgbẹ́ òṣèlú APP jọ fà kalẹ̀, ní ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 11. Ti Ọbásanjọ́, ẹni tó wọlé, lé ní mílíọ̀nù 18. Ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì ti dìbò fún Fálaè, títí kan Ògùn, ilé Ọbásanjọ́ gan-an. Kí ló tún kù nílé tí Ìgè máa kó? Lójú tèmi, òun náà ì bá fìdí rẹmi.

Ẹ̀yìn ìbò ni nǹkan ì bá ti yàtọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé Ìgè gba ipò mínísítà lọ́dọ̀ Ọbásanjọ́, ìjà wá dé láàárín àwọn àgbà Afẹ́nifẹ́re, ẹgbẹ́ Yorùbá tó wà lẹ́yìn AD. Ní December 23, 2001, àwọn apànìyàn yìnbọn pa Ìgè nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Ní 2003, ìpínlẹ̀ márùn-ún bọ́ lọ́wọ́ AD, ó ku Èkó nìkan. Mi ò sọ pé D'Rovans ló fa gbogbo rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n egbò tí wọ́n dá síbẹ̀ kò jinná títí ilé fi dàrú.

Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Àwa ṣì lè ṣe tiwa kó tó di àbámọ̀. Lọ́la la máa dìbò yan alága tuntun fún ẹgbẹ́ wa yìí. Ẹ má ṣe é nínú yàrá bíi ti D'Rovans, ẹ ka ìbò náà lójú gbogbo wa. Kí ẹni tó bá wọlé tó jókòó sórí àga, kó kọ́kọ́ rìn lọ bá ẹni tí kò wọlé, kó bi í léèrè iṣẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n jọ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì pàdánù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró jẹun kí ẹ tó lọlé.